Ẹlẹ́ṣin Kéékèèké Ni Mo Gbẹ́ Títí Mo Fi Darúgbó

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, bi mí léèrè lọ́jọ́sí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe tí kò ní sú mi?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tèmi ń sú mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá ní kí n fi í sílẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa jà. Nítorí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi kọ èyí sílẹ̀. Ọwọ́ mi kò gba bírò dáadáa mọ́, àmọ́ ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Dọ́káàsì Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n Ṣómólú ni wọ́n bí mi sí, Abúlé Òkúta ní Bàrígà ni mo sì ti jẹun. Ẹlẹ́ṣin kéékèèké ni mo ń gbẹ́: èèyàn lórí ẹṣin, tí kò ga ju agolo mílíìkì méjì tí a tò léra lọ, tòun ti gàárì, tòun ti ìjánu, láti ara igi kan ṣoṣo. Àwọn ilé iṣẹ́ ń rà á fún òyìnbó tó ń padà sílé. Àwọn ìdílé ń rà á sórí ọ̀pá oyè. Àwọn mìíràn kàn ń rà á láti gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ní orí tí nǹkan lè dúró lé.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo pé ọmọ ogún ọdún, n kò ní iṣẹ́, Ọ̀gá Lámídì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Abúlé Òkúta, sì ń wá ẹni tí yóò máa fi sáńpépà dán igi. Owó tó ń san kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ìyá mi ni kò kọjá níbẹ̀. Ó gbọ́ pé ère ni wọ́n ń gbẹ́, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù wá lọ́jọ́ kan tòun ti gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

Ó ní, "Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni yóò máa gbẹ́ ère?"

Ọ̀gá Lámídì dìde fún un, ó fún un ní àga. Ó ní, "Ìyá, Mùsùlùmí ni èmi náà. Àfáà ló bí mi ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ jókòó síbí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó forí balẹ̀ fún ẹṣin yìí, ẹ pè mí, èmi fúnra mi ni n ó fọ́ ọ."

Ìyá mi jókòó lóòótọ́. Ó jókòó títí tí òǹgbẹ fi ń gbẹ ẹ́, kò rí ẹnikẹ́ni. Kó tó lọ, ó ti ń béèrè bóyá wọ́n lè bá òun gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, irú èyí tí Jésù gùn wọ Jerúsálẹ́mù.

Ọdún méjì ni mo fi dán igi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ ó kọ́kọ́ fi àáké lé ọnà, ìyẹn gígé àkọ́kọ́, kí igi lè mọ ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ẹ ó tún un lé, kí ọrùn lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àyà. Ẹ ó wá dán an. Ìgbẹ̀yìn ni ẹ ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fín ojú, irun àti ìlà aṣọ sí i. Àwọn ọkùnrin ló ń lé, èmi ni mo ń dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọwọ́ pa nǹkan lára lójoojúmọ́ yóò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń lù ú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ègé igi ìrè tó ṣẹ́kù pamọ́, mo sì ń gbẹ́ ẹṣin tèmi ní ẹ̀yìn ilé wa.

Ọ̀gá rí ọ̀kan nínú àpò mi. Ó gbé e yí po.

"Kí nìyí?"

"Ẹṣin ni, sà."

"Ta ló sọ fún un pé ẹṣin ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé ẹlẹ́ṣin kan jáde nínú aṣọ funfun. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Bó ṣe wà yìí ni kí o gbẹ́ ẹ. Bí mo bá di ojú mi, tí mo fọwọ́ kan tìrẹ àti ti bàbá wa, tí n kò sì mọ ìyàtọ̀, ọjọ́ náà ni o di gbẹ́nàgbẹ́nà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yẹn le! Kò lo rúlà. Okùn òwú kan ni ó ní, ó ń ta kókó sí i fún gbogbo ibi tó bá wọ̀n lára igi: kókó kan fún imú, kókó kan fún orúnkún, kókó kan fún ìrù. Bí kókó kan bá yẹ̀, inú ààrò ìyàwó rẹ̀ ni ẹṣin náà ń lọ. Ìyá Sùwébátù, ìyàwó rẹ̀, kì í ra igi ìdáná ní ọdún yẹn. Bí wọ́n bá ń bu ẹ̀wà fún mi, á ní, "Jẹun dáadáa o, Àbẹ̀kẹ́. Ẹṣin rẹ mẹ́ta ló sè é."

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé n kò tíì fọwọ́ kan ẹṣin alààyè rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo wọkọ̀ lọ sí etí òkun níbi tí Màlámù Sání ń fi ẹṣin gbé àwọn ọmọ kiri nínú iyanrìn. Mo dúró síbẹ̀ títí bàtà mi fi kún fún iyanrìn. Mo rí i pé ẹṣin kì í dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bí tábìlì, ó máa ń sinmi ẹsẹ̀ kan. Mo rí i pé etí rẹ̀ kan lè kọjú síwájú kí ìkejì máa gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn. Orí mi wú. Lọ́jọ́ kejì mo gbẹ́ ẹṣin kan tó yí etí kan sẹ́yìn, mo sì gbé e fún Ọ̀gá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó wò ó. Ó ní, "Ṣé òfófó ni ẹṣin yìí ń gbọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ṣe máa ń ṣe, sà. Mo lọ wò ó."

Kò jù ú síná. Ó gbé e sórí pẹpẹ. Ó ní, "Ó dára. Ìgbà tí o bá gbẹ́ èyí tí etí rẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú láìyẹ̀, kí o wá bi mí ìdí tí wọ́n fi kọjú síwájú."

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ sí i. Ọjọ́ tó di ojú rẹ̀, tó fọwọ́ pa méjèèjì, tó sì gbé tèmi wọnú aṣọ funfun ní àṣìṣe, mo sunkún. Mo bi í ní ìdí tí etí fi kọjú síwájú. Ó ní, "Ogun ni ẹlẹ́ṣin yìí ń lọ. Ẹṣin tó bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀yìn kò ní dé ojú ogun." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe, etí yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan.

Ẹ ó rò pé n kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn láéláé. Mo gbàgbé rẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án mi ni. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣókùnkùn, dókítà ní nǹkan ti bo ẹyinjú rẹ̀, ó sì ń dúró de iṣẹ́ abẹ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan dé láti Òkè Ògùn. Wọ́n fẹ́ fi bàbá náà jẹ Mọ́gàjí, ìyẹn olórí gbogbo ìdílé wọn, nítorí náà Bàbá Mọ́gàjí ni a ń pè é. Ó tú aṣọ kan lórí tábìlì: ẹlẹ́ṣin orí ọ̀pá ìdílé wọn ni, tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Ó ní, "Bó ṣe wà ni kí ẹ bá mi ṣe é. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni ìdílé máa pé jọ. Ọ̀pá tí wọ́n máa gbé lé mi lọ́wọ́ kò lè wà láìlórí."

Ọ̀gá gba ère náà, ó fọwọ́ pa á lára fún ìgbà pípẹ́, ó sì mú un lọ sínú yàrá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e fún mi. "O gbọ́ ohun tí wọ́n wí," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wo ẹlẹ́ṣin náà, mo ṣàánú ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin orí ẹṣin náà kúrú ju ti ọ̀tún lọ. Ọkùnrin náà tún jókòó ní ìdàkudà, bí ẹni tí ẹṣin fẹ́ gbé ṣubú. Mo ní lọ́kàn mi pé aláìmọṣẹ́ ni ẹni yìí, ẹ jẹ́ kí n bá a bo àṣírí. Mo na ẹsẹ̀ náà kí ó bá ìkejì dọ́gba, mo gbé ọkùnrin náà jókòó gán-an, mo fi ọ̀bẹ fín gàárì rẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ó rẹwà! Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí mo ṣe parí, mo fi kẹrosíìnì ra èyí àtijọ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, mo gbé e sínú oòrùn. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọlé, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ.

Bàbá Mọ́gàjí dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdílé wọn pé jọ. Mo gbé iṣẹ́ mi fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ta nìyí?"

"Ẹlẹ́ṣin yín ni, sà."

"Èyí kọ́. Arọ ẹsẹ̀ kan ni bàbá ńlá wa. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ní kò lè jagun, nítorí ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi kọ́ ẹṣin gígùn ju gbogbo wọn lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ni a fi ń jẹ́ ọmọ rẹ̀." Ó nawọ́. "Ẹ fún mi ní ti àtijọ́ kí n máa lọ."

Mo gbé àwo èérún síwájú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà yẹn kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó sì ń fi ìka kan ṣa èérún náà, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Èmi ìbá fẹ́ kí ó gbá mi létí.

Ọ̀gá jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mọ́gàjí, bẹ́ẹ̀ n kò rí Ọ̀gá kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. "Ṣọ́ọ̀bù mi ló ṣe é, èmi ni mo ṣe é. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan tó kù yìí." Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó kọjú sí mi. Mo ti múra fún èébú. Ó ní, "O mọ igi í gbẹ́, Àbẹ̀kẹ́. O kò kàn bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni." Ó wá fa okùn òwú kan jáde lápò. Ní alẹ́ tí ère náà sùn sí yàrá rẹ̀, ó ti fi ìka wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Kókó ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀, ó kúrú.

Ṣùgbọ́n okùn mọ gígùn, kò mọ ìjókòó. Báwo ni ọkùnrin náà ṣe tẹ̀? Apá ibo ló tẹ̀ sí? Mo ti fi ojú ara mi rí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì lè sọ. Ohun tí èèyàn bá ti pè ní àṣìṣe, kì í wò ó dáadáa mọ́.

Ọmọ ìjọ wa kan wà, Bùrọ̀dá Táyé, tó ń ran bàtà ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Mo sáré lọ bá a. Ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni gun ẹṣin, ó ti pákó kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó ní kí n ká ti òsì sókè.

"Ibo ni ìdí rẹ ń wúwo sí?"

"Ọ̀tún. Rárá, òsì."

"Ìbàdí á rọ sí ibi tó kúrú. Ẹ̀yìn á wá tẹ̀ sí òdì kejì. Ṣé o mọ ìdí? Kí orí lè dúró gán-an ni. Ara lè wọ́ bó ṣe fẹ́, kì í fẹ́ kí orí wọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ìta níbẹ̀, mo ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń dìde. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn rí i pé mo tẹjú mọ́ òun. Ó ní, "Ọmọge, ṣé mo jọ ọkọ rẹ ni?" Mo ní, "Rárá, sà. Ẹlẹ́ṣin mi lẹ jọ." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wo òun dáadáa nígbà náà, ó tún jókòó, ó tún dìde fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo padà, mo gbẹ́ ẹ. Gbogbo ibi tí okùn mọ̀, n kò fi ìbú irun kan yẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí okùn kò mọ̀, mo fi ohun tí mo rí ní Igbóbì dí i. Nígbà tí Bàbá Mọ́gàjí dé, kò kọ́kọ́ wo ojú ère náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi wá ẹsẹ̀ òsì. Ó rí i. Lẹ́yìn náà ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń ki ẹni:

"Afẹsẹ̀-kan-sílé, fi mẹ́rin ẹṣin rìn! Ọmọ a-wọ́-bí-ọrun, a-gún-bí-ọfà!"

Ó bi Ọ̀gá pé, "Ṣé àdàkọ ni, àbí ẹ fi ọgbọ́n yín ṣe é?"

Ọ̀gá ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀, àdàkọ ni. Ìjókòó rẹ̀, a wá a lọ."

Wọ́n fi í jẹ Mọ́gàjí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. A gbọ́ pé ìyá arúgbó kan nínú ìdílé náà ní imú ti tẹ́lẹ̀ tóbi ju báyìí lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. N kò jiyàn.

Wọ́n ṣí ojú Ọ̀gá ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá dé, èmi ni mo ń bi í pé, "Ẹ sọ fún mi nípa rẹ̀ ná," kí n tó mú àáké.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ kékeré oníná dé, tó ń yí bíi ti dókítà eyín. Mo kọ́kọ́ bú u, mo wá rà á, mo sì fi gé imú ẹlẹ́ṣin mẹ́fà dànù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà ìbùdókọ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n tuntun. Mo wo wọn lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe na ẹ̀yìn, bí ojú wọn ṣe le, mo ní, àbí ẹlẹ́ṣin kọ́ nìwọ̀nyí? Mo gbẹ́ ọ̀kan, ọlọ́kadà tòun ti ìyá tó gbé àpẹ̀rẹ̀ tòmátò sẹ́yìn. Ọ̀gá ti darúgbó gan-an nígbà náà, ìka ló tún fi ń ríran. Ó pa á lára síwá sẹ́yìn.

"Àbẹ̀kẹ́, ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Páìpù tó ń yọ èéfín ni ìrù rẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Àwọn tó ń kàwé ní yunifásítì Akoka máa rà á." Wọ́n sì rà á, ju ẹṣin lọ. Ọ̀gá kú ní ọdún kejì, ìtẹ́lọ́rùn wà lójú rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún.

Ìka mi ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń wú láàárọ̀, wọn kì í fẹ́ di ọ̀bẹ mú. Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Akoka, Múìnátù, tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, wá bá mi nílé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹ̀rọ àwọn lè wo ẹlẹ́ṣin yípo, kó sì fi rọ́bà tẹ irú rẹ̀ gan-an jáde. Mo yá a ní ọ̀kan. Ó padà dé pẹ̀lú márùn-ún. Mo di ojú mi, mo fọwọ́ pa wọ́n. Yàtọ̀ sí pé wọ́n fúyẹ́, n kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ náà kò jẹ ẹ̀wà kankan kó tó mọ̀ ọ́n ṣe! Ọkàn mi bà jẹ́ díẹ̀, n kò ní parọ́.

Ó lọ sí ilé àwọn èèyàn, ó ya fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin mi tó rí, ti ọdún kan dé òmíràn, ó tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà. Ó sún ojú wọn mọ́ wa, ó tóbi tó àwo oúnjẹ.

Ó ní, "Màmá, ẹ wo iwájú orí wọn. Ẹ wo ètè ìsàlẹ̀."

Mo wò ó. Jagunjagun, ọba, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ni iwájú orí wọn yọ, gbogbo wọn ni ètè ìsàlẹ̀ wọn rọ̀ díẹ̀ sápá kan. Mo ní, "Ta ni wọ́n jọ?" Múìnátù dìde. Ó kàn gbé dígí tó wà lára ògiri wá fún mi.

Èmi ni. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo ní mò ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, èmi ni mo wà lórí gbogbo ẹṣin yẹn, n kò sì mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi yọjú.

Múìnátù wá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, pé òun ti ní àwọn ẹṣin kan lọ́kàn tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí, tó ní ìyẹ́. Mo gbé ẹlẹ́ṣin kan síwájú rẹ̀, mo fún un ní igi àti ọ̀bẹ. Mo ní, "Bó ṣe wà yìí ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ."

"Títí dìgbà wo, Màmá?"

"Títí ojú tìrẹ yóò fi yọ níbẹ̀."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Kí oòrùn tó dé àárín orí, ó ti gé etí ẹṣin kan dànù, ó sì ti ń wá igi mìíràn.